Àwọn Òkè Òṣùpá àti Àwọn Amọ̀nà Wọn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní dá lórí ọ̀wọ́ òkè kan tí ó jìnnà sí wa púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì yóò sì fi ojú rí. Ó wà ní àárín gbùngbùn Áfríkà, ní ààlà Ùgáńdà àti Kóńgò, apá kan ní ìhín, apá kan ní ọ̀hún, ìlà agbedeméjì ayé sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá níhà gúúsù. Rwenzori ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ó kàn wá nínú òkè àwọn ẹlòmíràn, èsì mi ni pé a ti kọ ìtàn òkè yìí sínú ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ ni a kọ. A kọ orúkọ àwọn tí a fà lọ́wọ́ gùn ún. A kò kọ orúkọ àwọn tí ó fà wọ́n lọ́wọ́. Apá kejì yìí ni mo ń wá lọ, bí mo tilẹ̀ ní láti gba ọ̀nà apá kìíní dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí òkè náà ti rí. Kì í ṣe òkè kan ṣoṣo, bí kò ṣe ọ̀wọ́ òkè tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 75, èyí tí kò fi púpọ̀ dín sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bí máìlì 40 níbi tí ó gbòòrò jù. Àwọn òkè ńlá méjì tí ó ga jù ú lọ ní Áfríkà, Kilimanjaro àti òkè Kenya, iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó tu wọ́n jáde. Rwenzori kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni ó là ní ìhà rẹ̀ méjèèjì, àfonífojì ńlá sì rì sísàlẹ̀, òkúta líle tí ó wà láàrín sì ru sókè títí ó fi kọjá àwọsánmà. Òkè mẹ́fà ni ó ga jù lára rẹ̀, a sì ń pè wọ́n ní Stanley, Speke, Baker, Emin, Gessi àti Luigi di Savoia. Ṣóńṣó tí ó ga ju gbogbo wọn lọ ni Margherita, lórí òkè Stanley, gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16,763. Lórí irú ibi bẹ́ẹ̀, bí oòrùn ilẹ̀ wa ti mú tó nì, omi a máa dì bí òkúta, kì í sì í yọ́ tán láti ọdún dé ọdún.

Ẹni tí ó bá ń gun òkè náà yóò rò pé òun ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ní ìsàlẹ̀ ni oko àwọn ènìyàn wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti kọfí. Lókè oko ni igbó dúdú ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹdun ti ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tí ọ̀gà oníwo mẹ́ta ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ewé, tí ẹyẹ kan tí í ṣe ìbátan àlùkò wa sì ń na ìyẹ́ pupa rẹ̀ kọjá láàrín igi. Lẹ́yìn igbó ni ọparun. Nígbà tí a bá gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000, a ó bá igi kan pàdé tí ìbátan rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju igbó kúkúrú tí ń kan orúnkún lọ. Lórí Rwenzori ó di igi gíga, ohun tútù kan bí irùngbọ̀n arúgbó sì ń so rọ̀ lára gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Lókè èyí ni lobelia wà, èyí tí àwọn Òyìnbó ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn bí òdòdó kékeré. Níhìn-ín ó dúró ṣánṣán bí ọ̀pá, ó sì ga ju ènìyàn lọ. Ní ibi gíga yìí, ojoojúmọ́ ni oòrùn ń pani ní ọ̀sán, alaalẹ́ ni omi sì ń dì. Nítorí náà, àwọn ewéko náà a máa pa ewé wọn dé mọ́ra ní àṣálẹ́, bí obìnrin ti ń fi ọ̀já bo ọmọ rẹ̀, kí òtútù má ba à pa ọ̀mùnú tí ó wà láàrín.

Òjò ni olórí ohun tí a gbọ́dọ̀ sọ nípa òkè yìí. Oṣù December títí dé February, àti oṣù June títí dé August, ni a ń pè ní ẹ̀rùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rùn náà gan-an òjò ń rọ̀. Omi kún àfonífojì òkè tó bẹ́ẹ̀ tí ibi púpọ̀ fi jẹ́ irà tí ń gbé ènìyàn mì dé itan. Àwọsánmà sì bo orí òkè lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Ìdí nìyí tí arìnrìn-àjò púpọ̀ fi kọjá ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀ pé ohun ńlá kan wà lórí àwọn. Stanley tìkára rẹ̀ dé tòsí rẹ̀ ní 1876, kò sì mọ̀ pé yìnyín wà lókè orí òun.

Síbẹ̀, ìròyìn òkè náà ti lọ jìnnà ṣáájú ìgbà náà. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa wa, Ptolemy, ọ̀mọ̀wé ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nípa ayé pé àwọn òkè kan wà ní ìhà gúúsù tí a ń pè ní Àwọn Òkè Òṣùpá, àti pé omi òjò dídì orí wọn ni ó ń ṣàn sínú adágún tí odò Náílì ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò wá, àwọn tí wọ́n gba etíkun ìlà-oòrùn Áfríkà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé òkè mìíràn ni ọkùnrin náà ní lọ́kàn, wọ́n sì lè jàre. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: kò sí òkè mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà bá mu bí Rwenzori. Gbogbo omi tí ń ṣàn láti ìhà rẹ̀ ìlà-oòrùn àti láti ìhà rẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, bóyá ó kọ́kọ́ gba adágún George àti Edward ni, bóyá ó bọ́ sínú odò Semliki tààrà ni, inú adágún Albert ni ó ń pàdé sí, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń bá Náílì lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ìròyìn yìí fún oníṣòwò, ẹni dúdú ni, ó sì mọ ohun tí ó ń sọ. Ptolemy ni a mọ̀.

Irú ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní 1888. Ní ọdún náà Stanley kó àwọn ènìyàn rẹ̀ la igbó Kóńgò já láti lọ ran Emin Pasha lọ́wọ́, ẹni tí ìjọba Íjíbítì fi ṣe gómìnà ní Equatoria. Ní oṣù April, méjì nínú àwọn Òyìnbó tí ó bá a rìn, Jephson àti Parke, ti tajú kán rí òkè kan tí orí rẹ̀ funfun. Ní ọjọ́ 24 oṣù May, bí Stanley ti ń rìn kúrò ní etí adágún Albert, ọmọdékùnrin kan nínú àwọn tí ó ń tẹ̀lé e nawọ́ sí ọ̀ọ́kán, ó ní kí ó wo òkè tí iyọ̀ bò. Stanley wò ó, ó kọ́kọ́ pè é ní àwọsánmà. Nígbà tí ó wò ó pẹ́ ni ó mọ̀ pé òjò dídì ni. Stanley kọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà sínú ìwé rẹ̀, mo sì yìn ín fún òótọ́ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ì bá fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ ọmọ náà. Mo sì fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní Katwe, ní ìsàlẹ̀ òkè yìí kan náà níhà gúúsù, adágún iyọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn ti ń wa iyọ̀ inú rẹ̀ láti ayébáyé, tí wọ́n sì ń rù ú lọ tà káàkiri ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó mọ̀ pé iyọ̀ ń bẹ ní agbègbè kan, tí ó sì rí ohun funfun lórí òkè níbẹ̀, kí ni ì bá tún pè é?

Nísinsìnyí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni òkè náà. Bakonzo ni orúkọ wọn, àwọn ìbátan wọn tí ó wà ní ìhà Kóńgò ni a sì ń pè ní Banande. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ ilé sí tí wọ́n sì ń roko, ní ibi tí ó dagun tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi ń bẹ̀rù pé àgbẹ̀ yóò já bọ́ láti inú oko rẹ̀. Nzururu ni wọ́n ń pe òjò dídì ní èdè wọn, Rwenzururu sì ni òkè tí ó ní in. Àwọn baba wọn gbà pé ẹ̀mí kan tí ń jẹ́ Kitasamba ń gbé inú nzururu náà, wọn kì í sì í fi ojú kékeré wo gígun ibẹ̀. Àwa tí a ti gbọ́ Ìhìnrere kò ní sìn ín, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ìbẹ̀rù yìí ni ó kọ́ wọn láti má ṣe bá òkè náà ṣeré.

Àwọn ọdẹ wọn a máa gòkè púpọ̀. Ẹran kan wà láàrín àpáta lókè lọ́hùn-ún tí í ṣe ìbátan òfàfà tí ń ké nínú igbó wa ní òru, irun rẹ̀ nípọn nítorí òtútù. Nítorí ẹran rẹ̀ àti awọ rẹ̀ ni ọdẹ Bakonzo fi ń la irà kọjá, tí ó sì ń sùn sábẹ́ àpáta tí ó yọ orí síta bí òrùlé. Àwọn ọdẹ yìí ni ó la ọ̀nà. Wọ́n mọ ibi tí a lè gba gun àpáta, ibi tí odò ṣeé là, àti àpáta tí òjò kò lè kán sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí nígbà tí ẹ bá ka àwọn ìwé tí ń sọ pé lágbájá ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà àfonífojì Mubuku, ipa ẹsẹ̀ ọdẹ ni lágbájá náà ń tọ̀.

Ní oṣù June 1889, ọ̀gágun Stairs, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Stanley, gùn ún tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,677 kí ó tó yí padà. Ní 1891 Stuhlmann, ará Jámánì, gbìyànjú láti ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ní 1900 Moore dé ibi yìnyín, Sir Harry Johnston náà sì gòkè ní ọdún yìí kan náà. Ní January 1906, ará Austria kan tí ń jẹ́ Grauer dé etí òkè Baker, àwọn tí ó sì bá a gòkè ni Maddox àti Tegart, míṣọ́nárì ìjọ wa, C.M.S., ní Toro. Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí. Olúkúlùkù wọn ni ó fi díẹ̀ kún ìmọ̀, olúkúlùkù wọn ni àwọsánmà sì lé padà.

Ẹni tí ó parí iṣẹ́ náà ni Luigi ti ìdílé ọba Savoia ní Ítálì, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Duke of the Abruzzi. Ọmọ ọba yìí kì í ṣe ẹni tí ń jókòó sí ààfin. Ní 1906 ó dé pẹ̀lú onímọ̀ òkúta, oníṣègùn, àti Vittorio Sella, ayàwòrán tí kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yíya àwòrán òkè ní ìgbà ayé rẹ̀. Ó tún mú àwọn amọ̀nà òkè wá láti Courmayeur ní ilẹ̀ rẹ̀, Joseph Petigax, César Ollier, Joseph Brocherel àti Laurent Petigax. Àwọn Bakonzo ni ó ru ẹrù wọn gòkè, láìwọ bàtà, nínú irà àti lórí òkúta tí ń yọ̀, títí dé abẹ́ àpáta Bujongolo, ní ibi tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 12,000 lọ. Ibùdó ọdẹ ni Bujongolo, irú àpáta olórùlé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni ọmọ ọba fi ṣe ilé. Láti ibẹ̀ ni ó ti gun òkè kan tẹ̀lé òkè kan, ní ọjọ́ 18 oṣù June 1906 ó sì dúró lórí ṣóńṣó tí ó ga jù, ó sì fi orúkọ Margherita, ayaba ilẹ̀ Ítálì, sọ ọ́. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó fi orúkọ ayaba Gẹ̀ẹ́sì sọ, Alexandra. Kí ó tó lọ, ó ti dé orí gbogbo òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ti ya àwòrán ilẹ̀ wọn.

A kò lè ṣe aláìyin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọba náà kò tilẹ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sọ òkè kankan. Thomson ni ó pe òkè kẹfà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé ní London ni ó yí i padà sí Luigi di Savoia láti bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Speke àti Baker kò fi ẹsẹ̀ tẹ òkè náà rí. A fi àwọn tí kò dé ibẹ̀ sọ ọ́, a kò fi Mukonzo kan ṣoṣo sọ ọ́. Kò sì jẹ́ pé ibẹ̀ kò lórúkọ: Kiyanja ni orúkọ tí àwọn ará ilẹ̀ ń pe òkè Baker kí àwòrán ilẹ̀ tó dé. Orúkọ àwọn amọ̀nà mẹ́rin tí ó ti Courmayeur wá wà nínú ìtàn ìrìn-àjò náà títí di òní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mú ẹrù la irà kọjá ń jẹ́ “àwọn aláàárù”.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ fàyè gbà mí láti yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀, nítorí ọkùnrin kan wà tí ó gba ẹsẹ̀ òkè yìí kọjá láìwá orí rẹ̀, ìjọ wa kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Apolo ni, ọmọ Buganda. Nítorí ẹ̀wù àwọn Òyìnbó tí ó ń wọ̀ ni a fi ń pè é ní Kivebulaya, èyí tí í ṣe “ohun tí ó ti ìlú Òyìnbó wá”. Ọdún 1895 ni ó ṣe ìrìbọmi, ọdún náà gan-an ni a rán an lọ sí Toro. Ní 1896 ó gba ìhà àríwá òkè náà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Semliki, ó sì dé Mboga, tí ó wà nínú Kóńgò lónìí. Tabaro, olórí ìlú náà, kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí ọ̀kọ̀ ṣèèṣì pa obìnrin kan nínú agbo ilé ṣọ́ọ̀ṣì, a ka ikú rẹ̀ sí Apolo lọ́rùn, a sì mú un padà sọdá ọ̀nà tí ó gbà wá, ó di ẹlẹ́wọ̀n ní Toro. Nígbà tí a dá a sílẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ó tún gbà padà lọ. Tabaro wá di onígbàgbọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Apolo kú ní Mboga ní ọjọ́ 30 oṣù May 1933, ó sì ti pàṣẹ pé kí a tẹ́ òkú òun kí orí rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, sí ìhà igbó tí iṣẹ́ kò tíì parí, bí ó tilẹ̀ lòdì sí àṣà ibẹ̀. Ó sọdá lẹ́bàá òkè tí gbogbo ayé ń fẹ́ gùn, ènìyàn ni ó ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn Bakonzo. Ní 1900 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ọba Toro ṣe àdéhùn, a sì fi àwọn Bakonzo sábẹ́ rẹ̀. Wọn kò fẹ́ ẹ. Nyamutswa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n kọ owó orí, wọ́n sì sá gun òkè. A mú wọn, a sì pa wọ́n ní 1921. Ní 1962, ọdún tí Ùgáńdà gba òmìnira, Isaya Mukirane, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́, kéde ìjọba Rwenzururu láti orí òkè. Nígbà tí ó kú ní 1966, Charles Mumbere ọmọ rẹ̀, tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé, ni ó rọ́pò rẹ̀, ọdún 1982 ni wọ́n sì tó gbé ohun ìjà sílẹ̀. Ìjọba Ùgáńdà mọ Rwenzururu ní ìjọba ìbílẹ̀ ní 2009. Ṣùgbọ́n ní November 2016 àwọn ọmọ ogun wọ ààfin ní Kasese, ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Àwa tí baba wa sá sábẹ́ Olúmọ nígbà ogun mọ ohun tí òkè jẹ́ fún ẹni tí a ń lé.

Ìjà tí kì í ṣe tiwọn tún dé bá wọn. Ní 1991 a sọ apá Rwenzori tí ó wà ní Ùgáńdà di ọgbà ìjọba, ní 1994 a sì kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Láti ìgbà náà ni ọdẹ òfàfà ti di arúfin lórí ọ̀nà tí baba rẹ̀ là. Èmi kò sọ pé òfin náà burú, nítorí ìbá ṣòro kí ẹran ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kí a tó yin òfin, ó yẹ kí a bèèrè ohun tí ẹni tí a gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jẹ. Iṣẹ́ amọ̀nà àti ti aláàárù ni díẹ̀ nínú wọn rí jẹ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi gba orí òkè. Láti 1997 títí di 2001 a ti ọ̀nà náà pa, ẹnikẹ́ni kò gòkè, iṣẹ́ sì tán fún ọdún mẹ́rin.

Ó kù kí n sọ bí a ti ń gun òkè náà nísinsìnyí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti ń retí rẹ̀. Òfin ọgbà náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá gòkè láìní amọ̀nà. Ọ̀nà ogbó ń bẹ̀rẹ̀ ní Nyakalengija, ọjọ́ méje ni a sì fi ń yí i po. Ọjọ́ kìíní, a ó la igbó kọjá dé ahéré Nyabitaba. Ọjọ́ kejì, a ó sọdá odò níbi tí Bujuku ti pàdé Mubuku, a ó sì gun òkúta títí dé ahéré John Matte, ní ẹsẹ̀ bàtà 11,200. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Mukonzo ni John Matte, ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ ṣètò àwọn aláàárù àti amọ̀nà fún àwọn tí ń wá gun òkè. Kì í ṣe ṣóńṣó ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ, ahéré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí òjò ti pa láti òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ ahéré dùn mọ́ ọn nínú ju ti ṣóńṣó lọ.

Ọjọ́ kẹta ni irà Bigo. Bàtà rọ́bà tí ó gùn dé orúnkún ni àwọn amọ̀nà ń sọ pé kí a wọ̀, ẹni tí ó bá sì ti ìlú Òyìnbó mú bàtà olówó iyebíye wá yóò kábàámọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àárín orí koríko kan sí èkejì ni wọ́n ń fò, nítorí gbòǹgbò koríko náà le bí àpótí. Ẹni tí ó bá ta kọ́sẹ̀ yóò bọ́ sínú ẹrẹ̀ dúdú. Ibi yìí ni a ti ń mọ ìyàtọ̀ amọ̀nà sí àlejò. Lẹ́yìn adágún Bujuku a ó gun òkè dé ahéré Elena, ní ẹsẹ̀ bàtà 14,900, ní àárín àpáta, níbi tí èémí kò ti ń tó ènìyàn mọ́. Orí a máa fọ́ni, oúnjẹ kì í wọlé, àwọn mìíràn a sì máa bì. Amọ̀nà ni ó ń wo ojú olúkúlùkù, bí ó bá sì sọ pé kí ẹnìkan padà, owó tí onítọ̀hún san kò lè yí ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí àìsàn orí òkè a máa pani.

Ní òru jíjìn ni a ń kúrò ní Elena, pẹ̀lú fìtílà lórí, irin eléyín lábẹ́ bàtà, okùn kan ṣoṣo sì so gbogbo ènìyàn pọ̀ mọ́ amọ̀nà, kí ó bá lè jẹ́ pé bí ẹnìkan bá yọ̀ sínú ihò yìnyín, àwọn ìyókù yóò fà á jáde. A ń lọ lóru kí a bá lè dé orí Margherita kí àwọsánmà tó dé. Lẹ́yìn náà, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó gba ẹnu ọ̀nà Scott Elliot kọjá dé àwọn adágún Kitandara, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ibi tí ó lẹ́wà jù lórí òkè náà. A ó sì tún gun ẹnu ọ̀nà Freshfield. Ní ìsọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ ni a ń kọjá lẹ́bàá Bujongolo, àpáta tí ọmọ ọba Ítálì sùn sábẹ́ rẹ̀, kí a tó dé ilé. Ọ̀nà mìíràn tún wà láti Kilembe níhà gúúsù, níbi tí a ti wa bàbà fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti 1956. Odò Nyamwamba tí ó gba ibẹ̀ ya bo ìlú náà ní May 2013 àti ní May 2020, ó sì ba ilé àti ilé ìwòsàn jẹ́.

Èyí mú mi dé orí yìnyín náà. Ní 1906, orí òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó wà, gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bí kìlómítà 6.5 níbùú àti lóròó. Ní 1987, ó ti di nǹkan bí 2. Ní 2003, kò pé 1 mọ́, òkè Emin, Gessi àti Luigi di Savoia kò sì ní nǹkan kan mọ́. Láàrín 2020 sí 2024, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá èyí tí ó kù lórí ibi títẹ́jú òkè Stanley ni ó tún yọ́. Ooru ayé tí ń pọ̀ sí i ni olórí ohun tí ó fà á. Àwọn kan ń kéde pé bí yìnyín bá tán, odò ẹsẹ̀ òkè yóò gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn onímọ̀ ti wọn omi náà, wọ́n sì rí i pé èyí tí ó ti ara yìnyín wá kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta nínú odò tí ó dé ìsàlẹ̀. Òjò ni ó ń bọ́ odò. Ohun tí àwọn Bakonzo yóò pàdánù jẹ́ ohun mìíràn: nzururu tí a fi sọ ilẹ̀ wọn lórúkọ, àti ohun tí ó mú kí àlejò la òkun kọjá wá fi owó sí ọwọ́ amọ̀nà.

Àwọn amọ̀nà ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ibi tí àgbà nínú wọn ti tẹ yìnyín nígbà èwe rẹ̀, àpáta lásán ni ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ nísinsìnyí. Níbi tí yìnyín ti rì sísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò dé òkúta mọ́, wọ́n fi àkàsọ̀ àti okùn sí i, ihò tuntun a sì máa là tí ó ń mú kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn onímọ̀ ń mú àwòrán tí Vittorio Sella yà ní 1906 dání gòkè, wọ́n ń wá ibi tí ó dúró sí gan-an kí wọ́n bá lè ya òmíràn láti fi wé e. Àwọn ọmọ Bakonzo ni ó ń mú wọn dé ibẹ̀.